Ọ̀nà Ilé Ò Já

Ọkùnrin náà kí i, kò dáhùn. Ó tún un kí, Bùsírátù kò gbójú sókè. Bí ẹlòmíràn bá ni, á ti pòṣé, á ní ìgbéraga ló ń pa àwọn ọmọ Ìtòkú wọ̀nyí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n eléyìí dúró pẹ̀lú àwọn fìtílà alágolo tó so kọ́ ọ̀pá léjìká, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó ń wo ìyẹ́ adìẹ tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín, kí ẹ má baà rò pé ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń ròyìn. Ní agboolé Ìyá Àgbà, ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó bá wà lórí ìlà kì í dáhùn ìkíni. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ ya ọnà rẹ̀ sára aṣọ funfun, kò mọ àgbà, kò mọ ọlọ́lá. Bí ọwọ́ bá ṣiyèméjì, á kán tóó sílẹ̀, nígbà tí aṣọ bá sì ti inú aró jáde, gbogbo ọjà á rí ibi tí ọwọ́ ti ṣiyèméjì. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dáhùn. Ará àdúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í bínú.

Bùsírátù mú ìlà náà dé etí aṣọ, ó gbé ìyẹ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wá kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Ẹ má bínú, orí ìlà ni mo wà."

"Mo rí i," ni ọkùnrin náà wí. "Mo kàn ń wò ó bóyá ẹ máa mí ni."

Bùsírátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà dúdú, ó ń dán, ó sì ní àwọ̀ aró ní gbogbo èékánná tí ọṣẹ kankan kò lè bó. "Àdìrẹ lẹ fẹ́ rà?"

"Fìtílà ni mo wá tà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dúró síbí, mo ti gbàgbé iye tí wọ́n ní kí n tà á."

"Bùsírá!" Ohùn Ìyá Àgbà dún láti inú yàrá. "Ta lò ń bá rojọ́ níbẹ̀?"

"Onífìtílà ni, Ìyá Àgbà."

"Onífìtílà ní ọ̀sán gangan? Ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Báyìí ni Bùsírátù àti Mọ́ṣúdù ṣe pàdé. Ọdún tó tẹ̀lé FẸ́SITÁÀKÌ ni, nígbà tí àwọn ará Èkó àti òyìnbó ń rọ́ wá sí Ìtòkú wá ra àdìrẹ, tí gbogbo ìkòkò aró sì ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ọmọ Wásinmi ni Mọ́ṣúdù. Ó ti kọ́ iṣẹ́ páànù gígé, ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù, ó sì ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Aké. Wọ́n ń ṣe fìtílà, wọ́n ń ṣe àrọ, wọ́n ń ṣe páànù tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí. Wọ́n tún máa ń gé ọnà sára páànù fún àwọn aláàdìrẹ tí kò ráyè ìyẹ́. Ìyẹn, wọ́n á tẹ́ páànù sórí aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra ojú ihò rẹ̀, ọnà á sì jáde kíákíá. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn. Ìyẹ́ adìẹ, iṣẹ́ obìnrin ni.

Láti ọjọ́ náà lọ, Mọ́ṣúdù kò yéé gba Ìtòkú kọjá. Bó bá fẹ́ lọ sí Aké, Ìtòkú ni. Bó bá ń ti Aké bọ̀, Ìtòkú náà ni. Kò pẹ́ tí ilé Ìyá Àgbà fi ní fìtílà ju mọ́ṣáláṣí lọ.

"Mọ́ṣúdù," ni Ìyá Àgbà bi í lọ́jọ́ kan, "ṣé ilé wa ṣókùnkùn tó báyìí ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ilé lọ."

Ìyá Àgbà pa ẹ̀rín mọ́nú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Òjìji lásán ló ń rí. Ṣùgbọ́n ojú ṣíṣú kò ní kí àgbà má mọ ohun tó ń lọ nínú ilé rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ni ọwọ́ Bùsírátù gún o. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, Ìyá Àgbà tó bí bàbá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ fún un, pé kó máa fi ya ìlà sórí iyanrìn. Ọmọ yà á títí ó fi sú u. Lẹ́yìn èyí ló kan ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀kọ tó bá ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ìkòkò. Bó bá yà á tán, Ìyá Àgbà á da omi sí i, á ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tún un yà." Ọmọ á sunkún, á nu ojú, á tún un yà. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kò da omi sí i mọ́, kò yìn ín. Ó kàn tẹ́ aṣọ funfun síwájú rẹ̀, ó ní, "Má ba aṣọ mi jẹ́." Bùsírátù ti gba ẹ̀bùn oríṣiríṣi láti ìgbà náà, kò sí èyí tó dùn mọ́ ọn tó gbólóhùn yẹn.

Ọnà kan wà nílé wọn tí wọn kì í tà. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀nà Ilé Ò Já. Ìyá tó bí Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ yà á. Ìlà kan ṣoṣo ni. Á bẹ̀rẹ̀ láti igun aṣọ, á máa yí àwọn òkúta kéékèèké ká bí odò Ògùn ṣe ń yí àpáta ká, á la gbogbo aṣọ já, á wá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ́ lè lọ mu ẹ̀kọ kó padà sójú kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó mú un kò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ìlà kò sì gbọdọ̀ já níbì kankan. Ọmọbìnrin ilé tó bá ń lọ sílé ọkọ ni wọ́n ń ró o fún, kó lè mọ̀ pé bó ti wù kó jìnnà tó, ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù nínú ilé tó lè yà á. Ọwọ́ Bùsírátù ni.

Nígbà tí Yéwándé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, fẹ́ lọ sílé ọkọ, Bùsírátù jókòó ti aṣọ náà ní kùtùkùtù. Mọ́ṣúdù dé nígbà tí ìlà ti dé àárín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan nítòsí. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Bùsírá, mo mọ̀ pé o ò lè dáhùn. Ìdí tí mo ṣe wá nísinsìnyí nìyẹn, torí ẹ̀rù ìdáhùn rẹ ń bà mí. Mo fẹ́ ọ. Mi ò ní ilé, mi ò ní ọkọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo ní. Ó mọ páànù gé, bó bá sì di tìrẹ, gbogbo ohun tó bá tún yẹ kó mọ̀, á kọ́ ọ."

Ìyẹ́ kò dúró. Ó yí òkúta kan, ó yí òmíràn. Àyà Bùsírátù ń lù kì kì kì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Mọ́ṣúdù ń làágùn níbi tó lóṣòó sí. Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin náà lè yára díẹ̀ bó bá fẹ́. Kò yára o. Ńṣe ló tún wá rọra, bí ẹni tó ń jẹ ẹran tó kù kẹ́yìn nínú abọ́. Nígbà tí ìlà padà délé, tó gbé ìyẹ́ sílẹ̀, oòrùn ti dé àárín orí.

"Bọ̀dá Mọ́ṣúdù, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nígbà tí ẹnìkejì kò lè fèsì, ṣé ọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ti jáde lẹ́nu mi ná. Fèsì sí i."

"Mo ti gbọ́."

"'Mo ti gbọ́' nìkan? Lẹ́yìn tí oòrùn ti yan mí gbẹ?"

"Àfi bí ẹ bá fẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Mo fẹ́ ọ náà, Mọ́ṣúdù. Láti ọjọ́ fìtílà. Lọ bá àwọn èèyàn rẹ sọ̀rọ̀."

Ǹjẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, kí ni ǹ bá máa sọ? Àṣìṣe tó tẹ̀lé e, inú ìfẹ́ ló ti wá.

Mọ́ṣúdù rí i pé ọrùn ọwọ́ Bùsírátù wú lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ó rí i tó ń fi òrí ra á, tó ń fojú pọ̀. Ó dùn ún wọra. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ṣé èmi wà láyé, tí mo mọ páànù gé, kí olólùfẹ́ mi máa fara jìyà báyìí? Ojú Mọ́ṣúdù kì í sì í gbàgbé ohun tó bá ti wò dáadáa. Ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fún un níṣẹ́, ó fi ẹ̀mí gé Ọ̀nà Ilé Ò Já sára páànù tó mọ́ roro. Gbogbo òkúta rẹ̀ pé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó dára jù lọ láti ìgbà tó ti mú àlùmọ́gàjí páànù lọ́wọ́ ni. Ó fi ìwé ìròyìn dì í, ó gbé e lọ sí Ìtòkú, ó fi lé Bùsírátù lọ́wọ́ níwájú Ìyá Àgbà.

"Kí ọwọ́ rẹ lè sinmi," ló wí, ojú rẹ̀ ń tàn.

Bùsírátù tú u. Ìyá Àgbà na ọwọ́ gbà á, ó gbé e lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ojú rẹ̀.

"Ọnà wa nìyí," ni Ìyá Àgbà wí. "O gbìyànjú. Òkúta rèé." Ìka rẹ̀ dúró. "Kí ló dé tí ọ̀nà já síbí?"

"Ìyá, bí páànù ṣe rí nìyẹn. Bí a ò bá fi ibì kan sílẹ̀ kó dì mọ́ra, àárín á jábọ́."

"Ó tún já síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó tún já níbí." Àgbà náà gbórí sókè, ojú tí kò ríran mọ́ náà sì le koko. "Torí kí páànù rẹ má baà jábọ́ lo ṣe gé ọ̀nà ilé ọmọ mi sí wẹ́wẹ́? O wá fẹ́ ẹ níyàwó, o sì gbé ọ̀nà ilé tó já lé e lọ́wọ́! Ẹ̀bùn ìfẹ́ nìyí, àbí èpè?"

Mọ́ṣúdù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ọkàn mi."

Ó wo Bùsírátù kó gbà á sílẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà.

"Ọmọdé ni mí tí mo ti ń fẹkún kọ́ ọwọ́ yìí," ni Bùsírátù wí. "Mo rò pé ohun tó o rí lára mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò mà yé mi pé o ń wá ohun tí wàá fi rọ́pò rẹ̀. Gbé páànù rẹ, Mọ́ṣúdù. Máa lọ."

Ó gbé e, ó lọ. Ìtòkú gbọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣáà mọ Ìtòkú.

Láwàlì, bàbá Bùsírátù, kì í ṣe èèyàn burúkú. Oníṣòwò aṣọ ni, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. "Àwọn èèyàn Sàlàhúdíìnì ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ. Mo ní kí wọ́n wá lẹ́yìn Iléyà. Mi ò ní fi ipá mú ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹlòmíràn, kí lo fẹ́ kí n sọ fún wọn?" Bùsírátù dìde, ó lọ kó aṣọ tó ń gbẹ lójú oòrùn.

Sàlàhúdíìnì yìí, gbajúmọ̀ ni. Ó ń kó àdìrẹ lọ sí Èkó nínú Pijó funfun, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ wá sí agboolé náà wá ra ọjà, ó sì bá Bùsírátù ṣàwàdà.

"Mo gbọ́ nípa páànù ọmọ Wásinmi yẹn. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá sọ iye tó fẹ́. Ìwọ wò ó ná! Ọnà tí ẹnì kan kò rí rí ní gbogbo Èkó! Bó o bá dé ilé mi, Bùsírá, o ò ní fọwọ́ kan ìyẹ́ mọ́ láé. Àwọn ọmọọṣẹ́ á máa fi páànù tẹ̀ ẹ́. Ìwọ á kàn máa jókòó bí ọlọ́lá ni."

Ó rò pé ohun rere ni òun sọ. Bùsírátù dá a lóhùn pé ó ṣeun, ó wọ inú yàrá, ó fi ìbòrí borí, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó ń lọ, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí wèrè. Bí Mọ́ṣúdù bá ta páànù náà, ó tán. Ọnà ìyá Ìyá Àgbà á wà lọ́rùn gbogbo aláìmọ̀kan, gbogbo ọ̀nà rẹ̀ á sì já. Ohun tó tún bà á lẹ́rù jù ni pé bó bá tà á, á jẹ́ pé kò mọ ẹni tí òun fẹ́ràn rárá.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Mọ́ṣúdù wà lórí àpótí, ó ń fi òòlù kan àrọ. Ó dìde fìrì.

"Páànù yẹn dà?" ni Bùsírátù wí, kò tilẹ̀ kí i.

Mọ́ṣúdù nawọ́ sí ara ògiri. Ohun tó wà níbẹ̀, páànù tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni, tí wọ́n kàn mọ́ igi. Bùsírátù sún mọ́ ọn. Lábẹ́ ihò ìṣó tó kún ojú rẹ̀, ó rí àmì òkúta kan, ó rí apá ìlà kan. Wọ́n ti fi ìṣó lu gbogbo rẹ̀ wómúwómú láti òkè délẹ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó o lé mi ni mo lù ú," ni Mọ́ṣúdù wí. "Nígbà tí ọmọọṣẹ́ Sàlàhúdíìnì dé, mo ní kó rà á tó bá fẹ́ fi rin gàrí."

Bùsírátù fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi dé, ló bá jókòó sórí àpótí náà.

"O ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́, Mọ́ṣúdù. Ó mà dára. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dára."

"Kò dára. Ọnà tó já ni. Bùsírá, mo ti rò ó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ, ohun tó dá mi dúró kì í ṣe ẹwà rẹ nìkan, má bínú o."

"Mo ń gbọ́."

"Bí ọwọ́ rẹ ṣe ń lọ ni, tí kò bẹ̀rù. Mo wá lọ gé páànù láti fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ! Orí mi dàrú ni. Mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá."

Wọ́n gbé páànù ẹ̀gẹ́ náà lọ. Ìyá Àgbà fi ìka tọ ojú rẹ̀, ihò ìṣó gún un, ó yára fa ọwọ́ yọ. "Ẹni tó bá já ọ̀nà ló ń tún un ṣe," ló wí. "O máa ya ọnà yìí, Mọ́ṣúdù. Ìyẹ́ ni wàá fi yà á. Nínú agboolé yìí, lójú oòrùn, níwájú ẹni tó bá fẹ́ wò ọ́. Bí ìlà rẹ bá délé láìjá, mo máa bá ọmọ mi Láwàlì sọ̀rọ̀. Bó bá já, kí Iléyà kọjá, kí ẹni tó ń bọ̀ máa bọ̀."

"Ìyá Àgbà!" ni Bùsírátù ké. "Ọkùnrin ni! Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀!"

"Èmi kò ní kó dára. Mo ní kó má já."

Ẹ wo ìyà! Ẹyọ ìgbálẹ̀ àti iyanrìn ni Mọ́ṣúdù náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ṣíwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, á sáré wá. Àwọn ọkùnrin Ìtòkú rí i tó lóṣòó ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó Bùsírátù, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi wà nínú ilé." Ọwọ́ tó ń tẹ páànù wúwo jù fún ìyẹ́. Ìyẹ́ ń ṣẹ́, ẹ̀kọ ń dà. Bùsírátù á da omi sórí ewé, á ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Bùsírá mi, ojú àánú dà?"

"Mo fi sínú ìkòkò aró. Tún un yà."

Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ju Bùsírátù lọ. Ìyá rẹ̀ ní Wásinmi ń ṣe láfún tà, ó sì mọ èyí tó kúnná. Ó gbé láfún ilé wá, wọ́n sè é, ẹ̀kọ náà sì fà dáadáa láìní kókó. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò ní ìka, ó mi orí. Láti ọjọ́ náà, láfún Wásinmi nìkan ni wọ́n ń lò nílé náà.

Nígbà mìíràn Bùsírátù á di ọwọ́ rẹ̀ mú láti darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìlà á dé òpin, wọn kò sì ní tètè fi ọwọ́ sílẹ̀. Ìyá Àgbà á wúkọ́ láti inú yàrá.

Ọjọ́ náà pé. Iléyà ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, àgbò ń ké káàkiri Ìtòkú. Mọ́ṣúdù wẹ̀, ó kírun, ó jókòó ti aṣọ funfun. Àwọn obìnrin aláró fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n rọ̀gbà yí i ká. Bùsírátù dúró sẹ́yìn òpó, kò lè jẹun láti àárọ̀. Kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ ti parí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló gbé ayé rẹ̀ dání.

Ìlà náà gbéra. Ó wọ́, ó yí òkúta àkọ́kọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó dákẹ́. Ìlà ń lọ.

Sàlàhúdíìnì dé, aṣọ rẹ̀ ń dún gbà-gbà-gbà. "Mọ́ṣúdù! Páànù ti tán ní Aké ni?" Mọ́ṣúdù kò gbójú sókè. "Ṣé kò rí mi ni?"

"Orí ìlà ló wà," ni àwọn obìnrin dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlà ti ń padà bọ̀ wálé nígbà tí Láwàlì wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n: ọkùnrin wo ló ń wá ìyàwó, tí bàbá ìyàwó á wọlé, tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Láwàlì dúró níwájú tábìlì gan-an.

"Mọ́ṣúdù, ẹ kú iṣẹ́."

Òógùn ń kán láti irun ojú Mọ́ṣúdù. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Bùsírátù rí i pé ó gbọ̀n. Ìyẹ́ náà fẹ́ dúró. Kò dúró. Ó yí òkúta, ó ń lọ.

"Mo ní, ẹ kú iṣẹ́."

"Ìwà wo nìyí?" ni Sàlàhúdíìnì wí. "Bàbá ń kí i, kò dáhùn! Irú èèyàn báyìí lẹ fẹ́ fọmọ fún?"

Láwàlì fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì ń wo ìyẹ́ náà. Bùsírátù kò lè mọ ohun tó wà lójú bàbá rẹ̀. Ó ń gbàdúrà ní ẹnu jẹ́ẹ́, kò mọ̀ bóyá kí ìlà tètè dé ló ń bẹ̀ tàbí kó má tíì dé.

Ìlà dé igun aṣọ. Ó fẹnu kan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́ṣúdù gbé ìyẹ́ sílẹ̀, ó fò dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn pẹ̀lú ẹ̀kọ lágbọ̀n.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Orí ìlà ni mo wà."

"Mo mọ̀," ni Láwàlì wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, ebi á máa pa mí, màá máa ké pe ìyá mi, kò ní dáhùn títí ìlà á fi délé. Mo máa ń bínú nígbà náà. Ìlà yẹn ló sọ mí di èèyàn. Dìde, ọmọ mi."

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n mú òun dé ibi aṣọ. Wọ́n dúró kí oòrùn gbẹ ẹ̀kọ náà, àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ìlà láti igun. Kò kánjú. Ó yí gbogbo òkúta, ó la aṣọ já, ó padà bọ̀. Ẹnì kan kò wúkọ́.

"Ó wọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Yéè! Ó wọ́ bí ọ̀nà Wásinmi ní ìgbà òjò. Níbí yìí, ẹ̀rù bà á." Ìka rẹ̀ dé ibi tí Láwàlì ti kí i. "Ṣùgbọ́n kò já. Láwàlì, kò já níbì kankan. Lọ bá lèmọ́mù sọ̀rọ̀."

Ariwo sọ. Sàlàhúdíìnì, kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó ní ó kú oríire fún Mọ́ṣúdù kó tó wọ Pijó rẹ̀ lọ. Bùsírátù jáde lẹ́yìn òpó. Ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ẹ̀kọ kúrò lágbọ̀n olólùfẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kò tijú rárá.

Bùsírátù fúnra rẹ̀ ló ri aṣọ náà bọ aró. Ó ń rì í, ó ń sá a, ó tún ń rì í, títí ó fi dúdú tó ń ṣẹ́ búlúù. Nígbà tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, ìlà funfun jáde pẹ̀lú gbogbo wíwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyà ni wọ́n so yìgì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ilé gbé Ọ̀nà Ilé Ò Já mìíràn jáde, èyí tí Ìyá Àgbà yà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, tó dára débi pé èèyàn á fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Bùsírátù gbà á, ó fi ẹnu kò ó, ó ká a padà sínú àpótí. Èyí tó wọ́ ló ró.

Bí wọ́n ti ń sìn ín lọ gba àárín ọjà Ìtòkú, ìyá aláàdìrẹ kan tẹjú mọ́ ìdí rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà! Ọmọ ilé Ìyá Àgbà! Nínú gbogbo ọwọ́ tó wà nílé yín, ta ló ya èyí?"

Bùsírátù dúró. Ó gbé orí sókè, ó tún aṣọ náà ró kó lè hàn dáadáa.

"Ọkọ mi ni," ló wí.